Físà Schengen láti Ìlú Ọba pẹ̀lú pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà: Barcelona ọjọ́ márùn-ún, Paris ọjọ́ mẹ́rin

Àbíkẹ́ (Leeds):
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò. Pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà ni èmi àti ọkọ mi ń lò, àwọn ọmọ wa méjèèjì, ọdún 8 àti 13, ń lo ti Ìlú Ọba. A fẹ́ lo ọjọ́ márùn-ún ní Barcelona nígbà ìsinmi oṣù kẹjọ, ká wá fò lọ lo mẹ́rin ní Paris. Ṣé òótọ́ ni pé nítorí àwọn ọmọ, ọ̀fẹ́ ni físà wa? Ọ̀dọ̀ ta la ó sì lọ, Sípéènì ni àbí Faransé? Ẹnìkan ní ká ṣáà lọ síbi tí àpóíǹtímẹ́ǹtì bá ti wà, pé ọ̀kan náà ni gbogbo wọn.

Bàbá Tóbi (Croydon):
Àbíkẹ́, ẹni tó ní ọ̀kan náà ni gbogbo wọn fẹ́ kó bá yín. Orílẹ̀-èdè Yúróòpù 29 ló wà nínú Schengen, físà kan náà ló sì ń gba èèyàn wọ gbogbo wọn, ṣùgbọ́n ọ̀dọ̀ ẹni tí ẹ ó ti pẹ́ jù ni ẹ gbọ́dọ̀ ti gbà á. Márùn-ún ju mẹ́rin lọ, Sípéènì ni tiyín. Ká ní mẹ́rin-mẹ́rin ni, ibi tí ẹ bá kọ́kọ́ wọ̀ ni ì bá jẹ́. Ẹni tó gba físà lọ́wọ́ orílẹ̀-èdè kan, tí òtẹ́ẹ̀lì àti tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ń sọ pé ibòmíràn ló ń lọ, ọlọ́pàá ààlà lè fagi lé físà náà lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n dá a padà. Ìbalẹ̀ àkọ́kọ́ kọ́ ni wọ́n ń wò o. Ẹ lè gba ti Sípéènì kí ẹ kọ́kọ́ balẹ̀ sí Paris, bí ọjọ́ Barcelona bá ṣáà pọ̀ jù.

Ti ọ̀fẹ́ yẹn, rárá. Mọ̀lẹ́bí ọmọ orílẹ̀-èdè EU (Ìṣọ̀kan Yúróòpù) ni òfin náà wà fún, Ìlú Ọba sì ti jáde kúrò níbẹ̀. Bó bá jẹ́ pé pásípọ́ọ̀tù Ireland ni ọkọ yín ní, tí ẹ jọ ń rìn, ọ̀rọ̀ ìbá yí padà. Báyìí, 90 yúrò ni lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan, bó ṣe wà láti ọjọ́ 11 oṣù kẹfà ọdún 2024, owó ọ́fíìsì tó ń gba fọ́ọ̀mù sì lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ yín kò nílò físà rárá. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ ń lo pásípọ́ọ̀tù Nàìjíríà, kó mọ̀ pé 45 yúrò ni fún ọmọ ọdún 6 sí 11. Èyí tí kò tíì pé 6 kì í san.

Ìyá Ìbejì (Manchester):
Ẹ ṣeun, Bàbá Tóbi. Oṣù mẹ́fà ṣáájú ìrìnàjò ni wọ́n ti ń gba fọ́ọ̀mù. Ó kéré tán, kó ku ọjọ́ 15 kí ẹ tó rìn. Ọjọ́ 15 náà ni òfin fún wọn láti fèsì, wọ́n sì lè fà á dé 45. Ẹni tó bá ń dúró di oṣù keje kó tó wá àpóíǹtímẹ́ǹtì oṣù kẹjọ, àdúrà ló kù fún un. Mẹ́ta ni ọ́fíìsì aṣojú Sípéènì níhìn-ín: London, Manchester, Edinburgh. Àdírẹ́sì ilé yín ló ń pinnu èyí tí ẹ ó lọ. Ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó sanwó, torí wọ́n máa ń dá ẹni tó ṣi ọ̀nà padà.

Pásípọ́ọ̀tù gbọ́dọ̀ ní ojú ewé méjì tó ṣófo, kí ó má tíì ju ọdún mẹ́wàá lọ tí wọ́n ti tẹ̀ ẹ́, kí ó sì ku oṣù mẹ́ta ó kéré tán lẹ́yìn ọjọ́ tí ẹ ó kúrò lọ́hùn-ún. Ìwé ìgbé yín ní Ìlú Ọba náà, oṣù mẹ́ta bẹ́ẹ̀. BRP, káàdì ìgbé yẹn, ti kásẹ̀ nílẹ̀ ní ìparí 2024, nítorí náà share code, kóòdù tí ẹ ń gbà lórí ayélujára láti fi ẹ̀tọ́ ìgbé yín hàn, ni ẹ ó mú lọ. Oríṣi mẹ́ta ló wà: W fún ẹni tó fẹ́ gbani síṣẹ́, R fún onílé, S fún nǹkan mìíràn. S ni tiyín. Ọjọ́ 90 ló ń lò kó tó kú, ẹ má gbà á ní kùtù. Ẹ tẹ ojú ewé eVisa (ìwé ìgbé orí ayélujára) náà sórí ìwé pẹ̀lú.

Inṣọ́ránsì gbọ́dọ̀ tó 30,000 yúrò, kó bo ìtọ́jú pàjáwìrì, ilé ìwòsàn àti gbígbé èèyàn padà sílé, ti òkú pàápàá, kí ìwé rẹ̀ sì sọ pé gbogbo ilẹ̀ Schengen ló bò. Káàdì GHIC, ti ìtọ́jú ìlera tí Ìlú Ọba ń fúnni fún ìrìnàjò, kò lè dípò rẹ̀, torí kì í gbé ẹnikẹ́ni padà sílé. Fọ́tò, fífẹ̀ 35, gíga 45 mílímítà. Ìwé iṣẹ́ ní láti sọ ọjọ́ tí ẹ bẹ̀rẹ̀, iye tí wọ́n ń san, àti ọjọ́ ìsinmi gan-an tí wọ́n fún yín. "Ó ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ wa" nìkan kò tó. Payslip oṣù mẹ́ta tẹ̀lé e. Ẹni tó ń dá ṣiṣẹ́ ara rẹ̀, SA302, ìwé ìṣirò owó-orí láti ọ̀dọ̀ HMRC (ilé-iṣẹ́ owó-orí), ni kó kó lọ.

Àkànjí (Kent):
Ẹ jẹ́ n dúró lórí ọ̀rọ̀ owó, ibẹ̀ ni físà ọ̀pọ̀ èèyàn wa ń kú sí. Sípéènì máa ń ṣírò ìdá kan nínú mẹ́wàá owó oṣù tó kéré jù lọ́dọ̀ wọn fún ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Ní 2025, 118.40 yúrò nìyẹn, kò sì gbọdọ̀ dín sí 1,065.60 fún ẹnì kan, ì báà jẹ́ ọjọ́ méjì péré lèèyàn ń lọ. Tiyín jẹ́ ọjọ́ mẹ́sàn-án, pẹ̀lú ìṣirò 2025 yẹn ó bọ́ sí 1,065.60 gẹ́lẹ́. Àpò kan náà ni àwọn ọmọ ń jẹ nínú rẹ̀, nítorí náà ẹ ṣírò ẹni mẹ́rin: 4,262.40. Ìyẹn ni ìpìlẹ̀ o, ẹ jẹ́ kó lé. Faransé ní ìṣirò tirẹ̀: 65 yúrò lójúmọ́ bí ẹ bá ní òtẹ́ẹ̀lì, 120 bí kò bá sí, 32.50 bí ẹni tó ń gbà yín lálejò bá ti gba attestation d'accueil (ìwé ìgbàlejò) ní gbọ̀ngàn ìlú rẹ̀. Lẹ́tà tí ọ̀rẹ́ fọwọ́ ara rẹ̀ kọ kì í ṣe attestation d'accueil.

Sítétímẹ́ǹtì oṣù mẹ́ta ni wọ́n ń kà, wọ́n sì ń kà á láti òkè délẹ̀. 300 pọ́n-ùn tó ń kù ní ìparí oṣù, tí 4,000 wá já wọlé ní ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú àpóíǹtímẹ́ǹtì, owó àyálò nìyẹn lójú wọn. Bó bá jẹ́ àjọ lẹ kó, ẹ kọ lẹ́tà tó ṣàlàyé rẹ̀, kí ẹ fi sítétímẹ́ǹtì tó fi owó tí ẹ ń dá lóṣooṣù hàn tì í. Wọn ò mọ àjọ, àmọ́ wọ́n mọ ìṣirò.

Ẹ má ra tíkẹ́ẹ̀tì pátápátá kí físà tó jáde. Ìfìdímúlẹ̀ tó ṣeé yẹ̀ wò ti tó. Òtẹ́ẹ̀lì tó ṣeé fagi lé ló dára, àmọ́ ẹ má fagi lé e kí wọ́n tó dáhùn, torí wọ́n lè pè é. Ọjọ́ mẹ́sẹ̀ẹ̀sán gbọ́dọ̀ ní ibi tí ẹ sùn. Bí alẹ́ kan bá ṣófo láàrín Barcelona àti Paris, ìdí tí wọ́n fi máa sọ pé ìrìnàjò kò ṣeé gbà gbọ́ nìyẹn.

Àbíkẹ́ (Leeds):
Ẹ ṣé gan-an ni. Ọkọ mi ń wo Andorra fún ọjọ́ kan láti Barcelona, wọ́n ní ọkọ̀ bọ́ọ̀sì ń lọ síbẹ̀.

Bàbá Tóbi (Croydon):
Ẹ sọ fún un kó fi sílẹ̀, àfi tí físà yín bá ní MULT (ìwọlé púpọ̀). Andorra kò sí nínú Schengen, ẹ ti jáde nìyẹn. Bí 01 ló wà níbi iye ìwọlé, ẹ ò lè padà wọ Sípéènì. Barcelona sí Paris kò ní wàhálà, inú ilé kan náà ni. Ṣùgbọ́n Barcelona, kí ẹ kọjá sí London, kí ẹ wá lọ Paris, ìwọlé méjì nìyẹn.

Bí sítíkà bá tẹ̀ yín lọ́wọ́, ẹ kà á kí ẹ tó kúrò níbẹ̀: orúkọ, nọ́ńbà pásípọ́ọ̀tù, ọjọ́. FROM àti UNTIL jẹ́ fèrèsé lásán. Iye ọjọ́ tó wà lábẹ́ DURATION OF STAY ni ẹ lè lò. Wọ́n máa ń fi ọjọ́ 15 kún fèrèsé náà, àwọn kan á sì rò pé àwọn lè gbé ibẹ̀ títí di UNTIL. Ọjọ́ tí ẹ wọlé àti ọjọ́ tí ẹ jáde, méjèèjì ni wọ́n ń kà. Tíkẹ́ẹ̀tì tó gbéra ní agogo 12:30 òru ti jẹ ọjọ́ mìíràn.

Dàpọ̀ (Glasgow):
Ẹ kú iṣẹ́ o. Bí wọ́n bá kọ̀ ńkọ́? Ẹ̀yin àgbà, mo tún fẹ́ bèèrè fún ẹni tí ìwé ìfàgùn físà Ìlú Ọba rẹ̀ ṣì wà lọ́dọ̀ Home Office, ilé-iṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí i.

Àkànjí (Kent):
Dàpọ̀, èkejì ni kí n kọ́kọ́ dáhùn: kó má rìn. Bó bá jáde kúrò ní Ìlú Ọba àti Ireland nígbà tí wọn kò tíì dá a lóhùn, wọ́n á ka ìbéèrè rẹ̀ sí èyí tó fà padà.

Bí wọ́n bá kọ̀, fọ́ọ̀mù tí wọ́n fún yín á ní ìdí tí wọ́n sàmì sí. Ìdí yẹn ni ẹ ó dáhùn, ẹ má kàn da ìwé púpọ̀ sí wọn lára. Lọ́dọ̀ Sípéènì, oṣù kan lẹ ní láti kọ ẹjọ́ sí ọ́fíìsì aṣojú kan náà. Bó bá jẹ́ ìwé kan ló kù, ó máa ń yá láti tún fọ́ọ̀mù kún ju ẹjọ́ lọ. Ẹ má fi ìkọ̀sílẹ̀ náà pamọ́ nínú fọ́ọ̀mù tuntun o. Ọdún márùn-ún ló ń gbé inú kọ̀ǹpútà tí gbogbo wọn jọ ń lò. Ìtẹ̀ka náà ń gbé níbẹ̀, oṣù 59, nítorí náà ẹni tó ti tẹ̀ ẹ́ láìpẹ́ lè má tún tẹ̀ ẹ́.

Ìyá Ìbejì (Manchester):
Ẹ̀yin tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba pásípọ́ọ̀tù tuntun, ẹ fi nọ́ńbà rẹ̀ sínú àkáǹtì UKVI yín, èyí tí eVisa yín wà nínú rẹ̀, kí ẹ tó jáde. Nígbà ìpadàbọ̀, ilé-iṣẹ́ ọkọ̀ òfurufú á fi nọ́ńbà náà wá eVisa yín. Bí ti àtijọ́ ló wà níbẹ̀, ẹ lè há sí Paris. Ẹ tètè lọ pápákọ̀ náà: láti ọjọ́ 12 oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni EES, ètò ìforúkọsílẹ̀ ní ààlà Schengen, ti bẹ̀rẹ̀, tó ń fi àwòrán ojú àti ìtẹ̀ka rọ́pò òǹtẹ̀ inú pásípọ́ọ̀tù. Àbíkẹ́, ọmọ ọdún 13 yín á tẹ̀ka, ti ọdún 8 á ya àwòrán nìkan. Ẹ mú ìwé-ẹ̀rí ìbí àwọn méjèèjì dání, èyí tó ní orúkọ òbí, pàápàá bí orúkọ ìdílé tó wà nínú pásípọ́ọ̀tù yín kò bá tíì yí sí ti ọkọ yín.