Omi inú rọ́bà di funfun bíi wàrà lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ ọmọ

Ìyá Ọmọ: Ẹ káàsán o, ẹ̀yin ará ilé. Wọ́n yọ kókó neuroblastoma, irú jẹjẹrẹ kan tó máa ń mú àwọn ọmọdé, nínú ikùn ọmọbìnrin wa. Ara rẹ̀ ti ń yá, àfi bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí jẹun tí omi inú rọ́bà tí wọ́n fi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ láti máa fa omi jáde ṣàdédé funfun. Àwọn dókítà ní chyle ni. Kí ni kí n máa bi wọ́n?

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Ẹ pẹ̀lẹ́ mà, Ọlọ́run á wo ọmọ sàn. Funfun yẹn nìkan kò túmọ̀ sí pé kókó ti padà. Ọ̀pọ̀ ọ̀rá tí a ń jẹ kì í wọ inú ẹ̀jẹ̀ tààrà. Àwọn òpó líńfù, ìyẹn òpó tín-ín-rín tó ń gbé omi ara tí kì í ṣe ẹ̀jẹ̀, ló ń gbé e, wọ́n á pàdé níwájú eegun ẹ̀yìn, wọ́n á gba àyà gòkè, kí wọ́n tó dà á sínú iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá nítòsí ọrùn lápá òsì. Neuroblastoma sì máa ń wé mọ́ àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ ńlá inú ikùn níbẹ̀ gan-an. Bí oníṣẹ́ abẹ bá ń tú u kúrò, àwọn òpó tín-ín-rín wọ̀nyí lè já. Nígbà tí ọmọ kò tíì jẹun, omi náà lè mọ́ gaara. Ọ̀rá ló ń sọ ọ́ di funfun; omi líńfù tó gbé ọ̀rá oúnjẹ yìí ni wọ́n ń pè ní chyle. Ẹ bi wọ́n bóyá omi náà ti dé láàbù: bí triglyceride, ìyẹn ọ̀rá, tó wà nínú rẹ̀ bá ju 110 mg/dL lọ, nǹkan bí 1.2 mmol/L, chyle ni wọ́n sábà máa ń kà á sí.

Ìyá Ọmọ: Oúnjẹ ńkọ́ mà? Ebi ń pa á.

Bàbá Ọmọ Kan: Ẹ kú ìdúró ti ọmọ o. Tiwa ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ kókó kíndìnrín. Ẹ di onímọ̀ nípa oúnjẹ mú! Ọ̀rá MCT, irú ọ̀rá pàtàkì kan, ni wọ́n fún ọmọ wa, torí pé iṣan ẹ̀jẹ̀ tó ń lọ sí ẹ̀dọ̀ lòun ń gbà, kì í gba ọ̀nà líńfù. Ẹ má fi òróró àgbọn lásán rọ́pò rẹ̀ o, wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹ kìlọ̀ fún gbogbo àwọn tó ń wá kí i pé kí wọ́n má fún un ní ohunkóhun jẹ. Ẹ máa kọ iye omi tó jáde àti àwọ̀ rẹ̀ sílẹ̀ lójoojúmọ́, torí ibẹ̀ ni dókítà ń wò.

Nọ́ọ̀sì Àgbà: Òótọ́ ni. Ẹ béèrè fítámì A, D, E àti K pẹ̀lú, torí MCT nìkan kò pé ara. Bí omi kò bá dín kù, wọ́n lè dá oúnjẹ ẹnu dúró, kí wọ́n máa bọ́ ọ láti inú iṣan ẹ̀jẹ̀, tàbí kí wọ́n fi oògùn octreotide, tó lè dín omi náà kù, kún un. Ọ̀pọ̀ ọmọ ni kì í nílò iṣẹ́ abẹ míì. Púrótéènì àti sẹ́ẹ̀lì tó ń gbógun ti àrùn ló ń bá omi yẹn lọ, ìyẹn ló ń kọ mí lóminú jù. Ibà, ikùn tó ń wú, èémí tó ń yára, ìtọ̀ tó dín kù: ẹ pè wọ́n lójú ẹsẹ̀, kódà bó jẹ́ ọ̀gànjọ́ òru. Bí wọ́n bá yọ rọ́bà, ẹ ṣì máa wo ikùn rẹ̀.

Ìyá Ọmọ: Ẹ ṣé gan-an ni. Àwọn dókítà ń bọ̀ nírọ̀lẹ́ yìí. Ti láàbù ni màá kọ́kọ́ béèrè, lẹ́yìn náà MCT.