Ìrókò ẹ̀yìnkùlé wa n'Ìjẹ̀bú-Igbó: ọ̀dọ̀ ta ni mo ti máa gbàwé àṣẹ?

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ̀ka ìrókò ẹ̀yìnkùlé wa kan ti ya, ó dábùú sórí páànù ilé ìdáná. Bí atẹ́gùn bá ti fẹ́ báyìí, páànù á máa han, ìyá wa á sì sá jáde tòun ti ṣíbí ọbẹ̀ lọ́wọ́.

Agégi tí mo pè ní òun ò ní fi ayùn kàn án láìsí ìwé àṣẹ, torí igi gẹdú ni, kódà kó jẹ́ inú ọgbà ẹni. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní ètùtù ló kù, kì í ṣe ìwé (ìyẹn, a ó yanjú ẹ̀ nílé).

Ṣé ọ́fíìsì igbó ọba ti ìpínlẹ̀ Ògùn ni kí n lọ, àbí káńsù? Ṣé ẹ̀ka kan ṣoṣo náà ń gbàwé? Ẹni tó bá ti ṣe é rí, ẹ jọ̀ọ́, ọjọ́ mélòó ló gbà yín?