Báwo la ṣe ń yọ òfin àwọ̀ kúrò nínú ìwé ilé ní Chicago?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin ará Chicago, ẹ gbà mí. Èmi àti ọkọ mi fẹ́ ra ilé. Nínú ìwé ilẹ̀ àtijọ́, a rí i kedere pé èèyàn dúdú ò gbọdọ̀ gbébẹ̀, àfi ọmọ ọ̀dọ̀. Ara mi bù máṣọ!

Mo mọ̀ pé Fair Housing Act, òfin ọdún 1968 tó ka ìyàsọ́tọ̀ nínú ọ̀rọ̀ ilé léèwọ̀ ní Amẹ́ríkà, ti pa á rẹ́. Èyí tó ń dùn mí jù ni pé ìjọba àpapọ̀ ló ti irú àdéhùn bẹ́ẹ̀ lẹ́yìn: FHA (Federal Housing Administration), àjọ ìjọba lórí ẹ̀yáwó ilé tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1934, máa ń ṣe onídùúró ẹ̀yáwó ilé fáwọn aláwọ̀ funfun nígbà yẹn, wọ́n sì ń fi tiwa dù wá.

Ta ló ti yọ ọ́ rí? Ọ́fíìsì wo la ń lọ? Ṣé dandan ni lọ́yà?