Ojú ọ̀tún ọmọ mi máa ń yà síta tó bá ti rẹ̀ ẹ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ìyá Fèyí (Mọ́kọ́lá):
Ẹ kúùrọ̀lẹ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ọmọ mi obìnrin ti pé ọdún 4, ara ẹ̀ le, ó ń ṣeré dáadáa, àmọ́ tó bá ti sùkúù dé báyìí tí oorun ti ń kùn ún, ẹyinjú ọ̀tún ẹ̀ á kàn rọra yà lọ sápá etí, tòsì á máa wò mí, tọ̀tún á máa wo wíńdò. Tí mo bá pè é, á ṣẹ́jú, méjèèjì á tún gún. Tá a bá bọ́ sóòrùn, á di ojú kan pa. Ìyá ọkọ mi ní kí n máa lé tìróò fún un, tíṣà ẹ̀ ní tó bá dàgbà á fi sílẹ̀. Mo tiẹ̀ ti gbé e lọ sí ọsibítù kan láàárọ̀, wọ́n ní àwọn ò rí nǹkan kan. Ọkàn mi ò balẹ̀ rárá.

Nọ́ọ̀sì Bódìjà:
Ẹ pẹ̀lẹ́ o Ìyá Fèyí. Bẹ́ ẹ ṣe ṣàlàyé ẹ̀ yìí gan-an ló máa ń rí. Iṣan 6 ló ń darí ẹyinjú kọ̀ọ̀kan bí ìjánu ẹṣin, tí ọpọlọ ò bá ti lè mú méjèèjì dọ́gba mọ́, ojú kan á yà. Eléyìí tó ń lọ tó ń bọ̀ ló wọ́pọ̀ jù lára àwọn ọmọdé tójú wọn ń yà síta, tó bá rẹ̀ wọ́n, tí ara wọn ò bá yá tàbí tí wọ́n bá ń wo ọ̀nà jínjìn ló máa ń hàn, ìdí nìyẹn tí wọn ò fi rí i láàárọ̀, torí ara ọmọ ṣì yá gágá. Tó bá tún yà lálẹ́ òní, ẹ fi fóònù yín ká a ní fídíò, kí ojú méjèèjì hàn, kẹ́ ẹ gbé e dání lọ bá dókítà ojú gan-an, kì í ṣe ẹni tó ń ta awò lẹ́bàá títì. Kílíníkì ojú wà ní UCH, ọsibítù ńlá tó wà n'Ìbàdàn, lẹ́bàá Oríta Mẹ́fà níbẹ̀.

Wọ́n á wo bí ojú kọ̀ọ̀kan ṣe ń ríran, wọ́n á kán oògùn tó ń jẹ́ kí ọmọlójú fẹ̀, wọ́n á yẹ ẹ̀yìn ojú wò, torí ojú tí ò ríran dáadáa náà máa ń yà síta. Tẹ́ ẹ bá wá rí nǹkan funfun láàárín dúdú ojú ọmọ, pàápàá nínú fọ́tò, ẹ má jẹ́ kílẹ̀ ṣú, ó lè jẹ́ jẹjẹrẹ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má lé tìróò fún un. Òjé (lead) ló máa ń wà nínú ẹ̀, òjé sì máa ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Omi ọmú, omi àlùbọ́sà, kò séyìí tó lè dé ìdí iṣan nínú wọn.

Ìyá Fèyí (Mọ́kọ́lá):
Ẹ ṣé gan-an Àǹtí Nọ́ọ̀sì. Ṣé wọ́n máa ṣe iṣẹ́ abẹ ni? Bàbá ẹ̀ ti ní òun ò ní jẹ́ kí wọ́n yọ ojú ọmọ òun síta o.

Akin Challenge:
Ẹ bá mi sọ fún ọ̀gá pé kò sẹ́ni tó ń yọ ẹyinjú. Wọ́n ṣe é fún mi nígbà tí mo ti dàgbà. Awọ tó bo funfun ojú ni wọ́n là díẹ̀, wọ́n sún iṣan tó wà lápá etí sẹ́yìn kó lè dẹ̀, àwọn míì wọ́n á tún gé tapá imú kúrú kó lè fà. Wọ́n fún mi lóògùn oorun, ilé mi ni mo sùn lálẹ́ ọjọ́ náà. Ojú yẹn pọ́n fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ó sì lọ. Ó lè tún yà tó bá yá, àwọn kan máa ń pa dà ṣe é. Ohun tó dùn mí ni pé ó gún lóòótọ́ àmọ́ kò ríran tó èkejì, torí kò sẹ́ni tó tọ́jú ẹ̀ ní kékeré, ọpọlọ mi ti pa á tì.

Nọ́ọ̀sì Bódìjà:
Kì í sì í ṣe gbogbo ọmọ ló ń dé ìdí abẹ. Awò lásán lè kó ojú jọ, wọ́n lè ní kẹ́ ẹ máa fi pílásítà bo ojú tó dáa fún wákàtí bíi 2 lójúmọ́, wọ́n sì lè ní kẹ́ ẹ kàn máa gbé e wá káwọn máa ṣọ́ ọ. Tó bá wá ń yà ṣáá látàárọ̀ ṣúlẹ̀ ni ọ̀rọ̀ abẹ máa ń wọlé.

Ọmọ Mọ́níyà:
Ẹ má bínú pé mo já lu ọ̀rọ̀ yín. Bàbá mi ti lé ní 60, àná ni tiwọn yà síta lójijì, ìpéǹpéjú wọn wálẹ̀, wọ́n ní àwọn ń rí nǹkan ní méjì méjì. Ṣé awò náà ni?

Nọ́ọ̀sì Bódìjà:
Rárá o! Tàgbàlagbà tó bá dé lójijì yàtọ̀ pátápátá, ó lè jẹ́ rọpárọsẹ̀, ó lè jẹ́ iṣan ẹ̀jẹ̀ tó wú nínú ọpọlọ. Ẹ gbé Bàbá lọ sí ẹ̀mágẹ́ńsì báyìí báyìí, ẹ má jẹ́ kí wọ́n wa mọ́tò fúnra wọn, tí wọ́n bá ní ìtọ̀ ṣúgà tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru, ẹ tètè sọ ọ́ fún dókítà. Ẹ kúrò lórí fóònù.