Ọ̀gá mi ní ₦80,000 nínú ìwé, ₦100,000 lọ́wọ́: ṣé kí n gbà?

Olùbéèrè (ádímìn fi orúkọ pamọ́)

Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ará ilé yìí. Ádímìn, ẹ ṣeun.

Iléeṣẹ́ aládàáni kan ní Ìkẹjà ni mo ti ń ṣiṣẹ́, Mowé ni mò ń gbé. Àwa òṣìṣẹ́ ibẹ̀ tó ọgbọ̀n. ₦180,000 ni owó oṣù mi. Látìgbà tí òfin owó orí tuntun ti bẹ̀rẹ̀ ní January 2026 ni ọ̀gá wa ti ń kùn ṣáá. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó pè wá wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó ní òun fẹ́ ṣe wá lóore: ₦80,000 ni yóò máa hàn nínú ìwé, ₦100,000 tó kù, òun á máa kà á lé wa lọ́wọ́ níparí oṣù. Ó ní ìjọba ò ní rí nǹkan kan gé mọ́. "Gbogbo owó yín á pé sí yín lọ́wọ́," bó ṣe wí nìyẹn.

Ọkọ mi ní kí n gbà á kíá. Èmi náà fẹ́ gbà á, àmọ́ ọkàn mi ò lélẹ̀, torí mi ò rí kí ọ̀gá yìí ṣe ẹnikẹ́ni lóore rí. Kérésì tó lọ, ìrẹsì kóńgò méjì ló pín fún wa, ó sì ya fọ́tò rẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì ló fẹ́ gbọ́ èsì. Bó bá wúlò fún ìṣirò yín, ₦400,000 ni mò ń san lọ́dún fún ilé tí mò ń gbé. Ẹ gbà mí nímọ̀ràn.

Bọ̀dá Ṣẹ́gun

Àbúrò mi, gbà á! Ará Mowé lèmi náà. Kí ni wọ́n fi owó orí ṣe fún wa níbí? Omi tí à ń mu, àwa la gbẹ́ kànga ẹ̀. Tiransifọ́mà àdúgbò, àwa la dáwó rà á. Ọ̀nà, àwa la ń da òkúta sí i tójò bá ti dé. Ọdẹ tó ń ṣọ́ wa lóru, àwa là ń sanwó fún un. Èmi ni ìjọba ìbílẹ̀ ara mi. Èyí tó bá lè bọ́ lọ́wọ́ wọn, jẹ́ kó bọ́.

Oníṣirò

Ẹ jẹ́ ká ṣírò ẹ̀ ná, iṣẹ́ tí mò ń ṣe jẹun nìyí.

Nínú òfin tuntun, ₦800,000 àkọ́kọ́ lọ́dún, wọn ò fọwọ́ kàn án. ₦2,200,000 tó tẹ̀ lé e, ìdá 15 nínú 100 ni wọ́n ń gé. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìyẹn rárá, wọ́n á ti yọ pẹ́ńṣàn yín kúrò, wọ́n á sì yọ ìdá 20 nínú 100 owó ilé tí ẹ ń san, àmọ́ iye tí wọ́n máa yọ nítorí owó ilé kò ní ju ₦500,000 lọ.

Ó yá, tiyín. ₦180,000 lọ́nà 12 jẹ́ ₦2,160,000. Ẹ yọ pẹ́ńṣàn, ₦172,800. Ẹ yọ ₦80,000 nítorí owó ilé. Ẹ wá yọ ₦800,000 tí wọn ò fọwọ́ kàn. Ó ku ₦1,107,200. Ìdá 15 rẹ̀ jẹ́ ₦166,080 lọ́dún, ìyẹn ₦13,840 lóṣù. Nígbà òfin àtijọ́, bíi ₦15,300 ni ì bá jẹ́ lóṣù. Owó orí yín ti fi nǹkan bí ₦1,500 wálẹ̀ kí ọ̀gá tó sọ̀rọ̀ oore rárá. Ẹ wo payslip yín bóyá wọ́n ti jẹ́ kó wálẹ̀ lóòótọ́.

Tó bá wá di ₦80,000, owó orí yín á fẹ́rẹ̀ẹ́ di òfo: ₦40 lóṣù. Ẹ jèrè ₦13,800. Ó dùn létí. Àmọ́ pẹ́ńṣàn ńkọ́? Ìdá 8 lẹ̀yin ń dá, ìdá 10 ni ọ̀gá gbọ́dọ̀ fi tì í. Lórí ₦180,000, ₦18,000 ni tirẹ̀ lóṣù. Lórí ₦80,000, ₦8,000 péré. ₦10,000 tó yẹ kó wọ àkáǹtì ìfẹ̀yìntì yín ti padà sápò ọ̀gá nìyẹn. Èrè yín tó kù jẹ́ ₦3,800. Tirẹ̀ jẹ́ ₦10,000 lórí ẹnì kan ṣoṣo. Ká ní bákan náà ni owó oṣù gbogbo yín, kí ẹ fi ọgbọ̀n sọ ọ́ di púpọ̀: ₦300,000 lóṣooṣù. Oore ńkọ́!

Nǹkan kan tún wà. Títí di 31 March ọdọọdún ni kálukú ní láti fi àkọsílẹ̀ owó tó wọlé fún un lọ́dún tó kọjá ránṣẹ́. Irọ́ yẹn, ẹ̀yin lẹ máa bọwọ́ lù ú.

Ìyá Ìbejì

Ẹ̀gbọ́n Oníṣirò, ẹ ò tíì dé ibi tó ti ń ta èèyàn. Èmi ti gba irú ẹ̀ rí níbi iṣẹ́ tí mo wà tẹ́lẹ̀. Oṣù mẹ́rin àkọ́kọ́, owó ọwọ́ ń pé. Oṣù karùn-ún, ó di "ẹ ní sùúrù di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀." Nígbà tí mo bí àwọn ìbejì, owó inú ìwé nìkan ni wọ́n san fún mi ní gbogbo ìgbà tí mo fi wà nílé. Mo lọ yá owó ní báńkì, wọ́n ní owó oṣù mi ò gbé e. Nígbà tí wọ́n wá dá wa dúró, wọ́n tún fi ti inú ìwé ṣírò ohun tí wọ́n fún wa. Ta ni mo fẹ́ lọ fi sùn? Mo fẹ́ sọ pé a jọ ń purọ́ ni?

Oníṣirò

Ẹ pẹ̀lẹ́, màmá. Ẹ tún rán mi létí nǹkan kan. Òfin pẹ́ńṣàn ti 2014 ní kí agbanisíṣẹ́ ra ìbánigbófò ẹ̀mí fún òṣìṣẹ́ rẹ̀, kò sì gbọdọ̀ dín sí ìlọ́po mẹ́ta owó tó ń gbà lọ́dún. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ o, àmọ́ ₦6,480,000 ni ti arábìnrin yìí báyìí. Tó bá gba ₦80,000 nínú ìwé, ó di ₦2,880,000.

Ọmọ Àgbẹ̀

Bàbá tó bí bàbá mi wà nínú ìjà Àgbẹ̀kọ̀yà, 1968 sí 1969. "Òkẹ́ mẹ́fà la ó san" ni wọ́n ń ké, ọgbọ̀n ṣílè nìyẹn. Àwọn èèyàn rò pé wọn ò fẹ́ san nǹkan kan. Rárá o, wọ́n dárúkọ iye tí agbára wọn ká. Ohun tó dùn wọ́n ni pé àti ẹni tí kòkó rẹ̀ so, àti ẹni tí ti ẹ̀ kú, iye kan náà ni wọ́n bù lé wọn lórí, àwọn agbowó orí á sì máa lé wọn kiri bí ẹni lé ewúrẹ́.

Oníṣirò

Òfin àtijọ́ táa ṣẹ̀ṣẹ̀ fi sílẹ̀ yìí náà fara jọ ọ́ díẹ̀. Tí owó tí wọ́n máa gé owó orí nínú rẹ̀ bá ti kọjá ₦3,200,000 lọ́dún, ìdá 24 ni wọ́n ń gé nínú èyí tó lé. Máníjà kékeré àti olówó tó ń gba ₦400,000,000, ìdá kan náà. Ó ti di àtẹ̀gùn báyìí: 18, 21, 23, títí dé 25 fún ohun tó bá kọjá ₦50,000,000. Mo fara mọ́ ọn. Àmọ́ orí ìwé ni ìdá 25 yẹn ṣì wà lójú tèmi. Òṣìṣẹ́, wọ́n ti gé tirẹ̀ kó tó fojú kàn án. Onílé tó ní búlọ́ọ̀kù fúláàtì mẹ́rin, òun fúnra rẹ̀ ló máa lọ sọ iye tó ń wọlé fún un. Ẹ rò ó wò.

Tọ́kunbọ̀

Ẹ kú àárọ̀ láti Manchester. Ẹ máa ṣọ́ ₦800,000 yẹn o. Lọ́dọ̀ wa níbí, £12,570 ni wọn kì í gé nǹkan kan nínú rẹ̀. Láti 2021 ló ti wà lójú kan. Ilé ìtọ́jú arúgbó ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Owó wákàtí wa ń gòkè lọ́dọọdún, gbogbo èyí tó bá sì lé lórí iye yẹn, wọ́n á gé ìdá 20 nínú rẹ̀. Kò sẹ́ni tó jáde wá kéde pé òun fi kún owó orí, síbẹ̀ ó ń lé sí i. ₦70,000 tó jẹ́ owó oṣù tó kéré jù nílé, ẹ fi 12 sọ ọ́ di púpọ̀: ₦840,000. Òfin ló yọ àwọn tó ń gbà á sílẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ owó orí ì bá ti wọ àwọn tí wọn kì í yọ pẹ́ńṣàn fún nínú wọn. Tí ọjà bá ń gbówó lórí tí ₦800,000 dúró gbári, ṣé ẹ ti mọ ẹni tó máa san án.

Bọ̀dá Ṣẹ́gun

Mo ti gbọ́ ti pẹ́ńṣàn, mo gbà. Àmọ́ omi ò tíì dé Mowé.

Oníṣirò

Ibẹ̀ gan-an ni mò ń bọ̀, ẹ̀gbọ́n. Ìpínlẹ̀ téèyàn ń gbé ló ni owó orí rẹ̀, kì í ṣe ibi tó ti ń ṣiṣẹ́. Ìpínlẹ̀ Ògùn ló ni tiyín àti ti arábìnrin yìí. Ẹ bi HR yín, àwọn tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, pé ìpínlẹ̀ wo ni wọ́n ń kó o lọ. Tó bá jẹ́ Èkó ló ń gbà á, ta lẹ fẹ́ lọ bi léèrè omi Mowé?

Olùbéèrè

Ẹ ṣeun gan-an, Ọlọ́run á tún tiyín náà ṣe. Èsì rèé. Mo lọ bá ọ̀gá lónìí, mo ní tó bá jẹ́ oore lóòótọ́, kó kọ ₦100,000 yẹn sínú lẹ́tà fún mi, kó sì jẹ́ kí pẹ́ńṣàn mi dúró síbi tó wà. Ó wò mí títí. Ó ní, "Ṣé lọ́yà lo fẹ́ dà ni?" Ó ní àwọn mẹ́tàdínlógún ti gbà. Tèmi ṣì wà bó ṣe wà, ní báyìí ná. HR ní Èkó ni wọ́n ń kó owó orí mi lọ, àwọn á yẹ̀ ẹ́ wò.

Lórí ti owó ilé, mo lọ gba rìsíìtì lọ́wọ́ bàbá onílé. Ó kọ ₦250,000 síbẹ̀. Mo ní, "Bàbá, ₦400,000 ni mo san." Ó ní èyí tóun máa kọ nìyẹn, tí n ò bá fẹ́ kí n dá a padà. Ṣé kí n fún HR bẹ́ẹ̀?

Oníṣirò

Ẹ má fún wọn. Ẹ tẹ ẹ̀rí tí ẹ fi sanwó láti báńkì jáde, ₦400,000 ló máa wà níbẹ̀.

Olùbéèrè

Owó lọ́wọ́ ló gbà, sà. Ó ní òun kì í gba tiransifáà.