Ohùn mi há, omi náà tún ń gba ọ̀nà òdì

Ẹ kú iṣẹ́ o. Olùkọ́ ni mí n'Iléṣà, ọmọ 62 ló wà ní kíláàsì mi. Ó ti pé ọ̀sẹ̀ 7 tí ohùn mi ti há. Tó bá fi máa dìrọ̀lẹ́, ọwọ́ ni mo fi ń bá àwọn ọmọ mi sọ̀rọ̀ nílé. Mo ti jẹ orógbó, mo ti lá oyin, oníkẹ́míìsì ta oògùn fún mi, pàbó ni. Mo mọ̀ pé ohùn olùkọ́ àti oníwàásù máa ń tètè bàjẹ́. Ṣùgbọ́n láti Mọ́ńdè, bí mo bá mumi, ikọ́ á dé, omi á gba imú jáde. Ìyẹn ló já mi láyà.

Ṣé dókítà ọ̀fun wà ní ilé ìwòsàn Wesley Guild n'Iléṣà níbí, àbí Ifẹ̀ ni kí n kọrí sí? Ṣé wọ́n máa béèrè ìwé láti ibòmíì kí wọ́n tó wò mí?