Ẹ̀yin ọkùnrin tí wọ́n ti yọ stent fún, ṣé jẹ́lì nìkan tó?

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o. Ìkòròdú ni mò ń gbé. Lóṣù tó kọjá, wọ́n fi laser fọ́ òkúta inú kíndìnrín mi, wọ́n sì fi stent sílẹ̀, ìyẹn rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ti inú kíndìnrín bọ́ sínú ilé ìtọ̀. Òkúta ti lọ, ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run, àmọ́ rọ́bà yìí ò jẹ́ kí n gbádùn rárá. Bí mo bá ti ń tọ̀, ìrora á gun ẹ̀gbẹ́ mi ọ̀tún títí dé ẹ̀yìn. Dókítà ní ìtọ̀ ló ń gba inú rọ́bà náà padà sókè sí kíndìnrín. Tí mo bá gun ọ̀kadà láti Gáréèjì dé Ìta-Ẹlẹ́wà pẹ́nrẹ́n, ìtọ̀ mi á pọ́n bíi zobo. Mò ń mu omi dáadáa, mò ń lo tamsulosin, oògùn tó ń jẹ́ kí ọ̀nà ìtọ̀ dẹ̀, tí wọ́n kọ fún mi, àti paracetamol. Ó ń dín ìrora náà kù, kò gbé e lọ.

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni wọ́n máa yọ stent náà. Tèmi ò ní okùn tí wọ́n lè fà, kámẹ́rà ni wọ́n máa kì bọ ojú ibi tí ìtọ̀ ń gbà. Nọ́ọ̀sì ní jẹ́lì tó ń mú ibẹ̀ kú ni wọ́n máa lò, kò sí abẹ́rẹ́ oorun. Ìyẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tí wọ́n ti ṣe é fún báyìí, ṣé jẹ́lì yẹn tó, àbí kí n bẹ̀ wọ́n fún oògùn oorun? Ṣé mo lè dá wọkọ̀ padà sílé lọ́jọ́ náà?